Ẹni Tó Sanwó Ilé Tí Kò Kó Wọlé: Ìtàn Ẹjọ́ Kan Tó Ti Pẹ́ ní Ilẹ̀ Wa

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ogun. Ọ̀rọ̀ yàrá kan ni. Ẹnì kan wá wo yàrá, yàrá náà wù ú, òun àti onílé sọ̀rọ̀ owó, wọ́n sì fẹnu kò. Ó mú owó sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi dì í mú, ìparí oṣù ni mò ń kó bọ̀." Onílé gbà á gbọ́. Gbogbo àwọn tó tún wá béèrè yàrá náà, ó ní kí wọ́n máa lọ, ó ti lẹ́ni. Nígbà tí ìparí oṣù dé, onítọ̀hún kò wá. Ó pe onílé lórí fóònù pé òun ti rí ibòmíràn tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ òun, kí bàbá jọ̀wọ́ dá owó òun padà. Bàbá ní owó wo? Ọmọkùnrin ní òun kò sùn síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Bàbá ní láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yàrá òun ti wà ní títì nítorí tirẹ̀.

Bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́ta nínú agboolé kan pé ta ló jàre, ẹ lè gbọ́ ìdáhùn mẹ́ta. Ẹnì kan á ní owó ti lọ nìyẹn. Èkejì á ní kí onílé dá gbogbo rẹ̀ padà, nítorí kò sí ẹni tó yẹ kó jẹ owó ohun tí kò tà. Ẹ̀kẹta á ní kí wọ́n pín in sí méjì kí ìjà lè parí. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló fa èyí. Ilẹ̀ wa ti gbé lábẹ́ òfin tó ju ẹyọ kan lọ, òfin kọ̀ọ̀kan sì ní ìdáhùn tirẹ̀ sí ìbéèrè yìí. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ wọn, kí a lè mọ ibi tí ìjà náà ti ń wá àti ọ̀nà tí a lè gbà yẹra fún un.

Nígbà tí a kì í yá yàrá

Láyé àwọn baba ńlá wa, agboolé ni ilé. Kì í ṣe ohun tí a ń gbé fún àjèjì lóṣooṣù. Àlejò tó bá wọ ìlú á wá ẹni tí yóò gbà á sílé: ìbátan ìyá rẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, tàbí oníṣòwò tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà. Ẹni tó gbà á ni yóò fún un ní ibi tí yóò sùn, òun ni yóò mú un lọ kí àwọn àgbà, òun náà ni yóò sì dúró fún un bí ẹjọ́ bá dé. Àlejò kì í san owó oṣù. Ó lè mú ẹ̀bùn wá, ó lè bá wọn ṣiṣẹ́ oko, bó bá sì jẹ́ oníṣòwò, ó lè fi nǹkan sílẹ̀ fún olùgbàlejò rẹ̀ lẹ́yìn tó bá tajà tán. Ẹni tó bá sì fẹ́ dáko gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ nínú irè oko rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ yìí kì í ṣe iye tí ilẹ̀ náà tó. Ìjẹ́wọ́ ni pé ilẹ̀ náà lólówó, pé ẹni tó ń dáko kò gbàgbé ẹni tó fún un.

Nítorí náà, bí àlejò bá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ tí kò sì wá, kò sí owó tí ẹnikẹ́ni máa jà lé lórí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn baba wa kò mọ ohun tó ń jẹ́ kí a fi nǹkan sílẹ̀ ṣáájú. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, ọ̀nà méjì ló sì ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa yìí.

Èkíní ni ìdógò. Ẹni tó fẹ́ yá owó ẹyọ lè fi ohun ìní rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ ẹni tó yá a lówó. Ohun náà ń bẹ lọ́wọ́ olówó, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀. Ó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí gbèsè bá tán, ohun ìdógò padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ìkejì ni ìdána. Nígbà tí ìdílé ọkọ bá ti gbé ẹrù ìdána wá tí àwọn ará ilé ìyàwó sì ti gbà á, wọn kò tún lè gba ti ẹlòmíràn. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn nítorí ẹnì kan. Bí ilé ìyàwó bá wá yí ọ̀rọ̀ padà, àwọn ni yóò dá ohun tí wọ́n gbà padà. Bó bá jẹ́ ọkọ ló ní òun kò ṣe mọ́, tí kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́, ojú á tì í láti padà wá ka iṣu àti obì tó gbé wá. Àwọn àgbà tó jókòó lọ́jọ́ ìdána ni ẹlẹ́rìí. Wọn á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó yẹ àdéhùn, wọn á béèrè ìdí rẹ̀, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ohun tí a ó dá padà.

Ẹ fi méjèèjì yìí sọ́kàn. Ìdógò ń padà. Ẹrù ìdána ń tọ ẹni tí kò yẹ àdéhùn. Ẹjọ́ yàrá wa òde òní dúró láàárín méjèèjì.

Owó oṣù ló bí owó ilé

Ní 1894, ìjọba Faransé kó àwọn ilẹ̀ tó gbà jọ sábẹ́ orúkọ Dàhòmì, Àjàṣẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe olú ìlú. Láti ìgbà náà ni akọ̀wé, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, télọ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ilé ìtajà Òyìnbó ti ń pọ̀ sí i nínú ìlú. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá ti kọ́ ilé alájà àti ilé oníyàrá púpọ̀ síbẹ̀. Kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Àjàṣẹ́ dé Pọ́bẹ̀, èyí tó ti Kùtọ́nu gbéra sì ti dé Ṣábẹ. Ní 1936, ó dé Pàrákú.

Ọkọ̀ ojú irin kó ẹrù, ó sì kó ènìyàn. Ẹni tí iṣẹ́ gbé dé ìlú tí kò ti ní ìbátan kò rí agboolé tí yóò sọ pé kó wọlé. Ó nílò yàrá kan, ó sì ní owó oṣù lọ́wọ́. Báyìí ni owó ilé ṣe di ohun tí a ń san lóṣooṣù, nítorí pé oṣooṣù ni wọ́n ń san owó fún àwọn tó ń yá ilé náà. Iṣẹ́ tó gbé ènìyàn wá yìí náà ló lè gbé e lọ. Ẹni tó bá onílé fẹnu kò lónìí lè gba ìwé lọ́la pé ìlú mìíràn ni kó máa lọ. Bí onílé bá ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ó dájú pé nígbà kejì á ní, "Fi nǹkan sílẹ̀ kí n tó ti yàrá dè ọ́."

Kí wá ni nǹkan tí a fi sílẹ̀ yẹn? Ìbéèrè yìí ni òfin kọ̀ọ̀kan dáhùn lọ́nà tirẹ̀.

Ìdáhùn àwọn ààfáà

Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn Yorùbá Àjàṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ Imam Malik sì ni àwọn Mùsùlùmí apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀ lé nínú ọ̀rọ̀ òfin. Malik, tó kú ní 795, sọ̀rọ̀ owó yìí nínú ìwé rẹ̀, Muwatta. Orúkọ tí Lárúbáwá ń pe owó náà ni urbun. Ó ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: ẹnì kan ra nǹkan, tàbí ó háyà ẹran tí yóò gùn, ó wá fún olóhun ní owó díẹ̀. Ó ní bí òun bá gba ohun náà, kí wọ́n ka owó yìí mọ́ iye rẹ̀. Bí òun kò bá gbà á mọ́, kí owó náà di ti olóhun lọ́fẹ̀ẹ́. Malik ní kò dára bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé olóhun gba owó láìfi nǹkan kan rọ́pò, èyí sì jọ jíjẹ owó ẹlòmíràn láìtọ́.

Ṣùgbọ́n Imam Ahmad ọmọ Hanbal, tó kú ní 855, gbà á láyè. Ẹ̀rí tó dì mú kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ni. Nafi, tó jẹ́ aṣojú Ọ̀gá Umar ní Mẹ́kà, ra ilé Safwan láti fi ṣe ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ṣàdéhùn pé bí Umar bá fọwọ́ sí i, ọjà parí. Bí kò bá fọwọ́ sí i, Safwan á gba 400 nínú owó ayé ọjọ́ náà. Ìyẹn ni pé wọ́n sọ iye ohun tí onílé máa gbà bí ọ̀rọ̀ bá yẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní 1993, àpapọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ṣe ìpàdé ní Brunei, wọ́n sì gba owó urbun láyè. Àdéhùn kan ni wọ́n so mọ́ ọn: a gbọ́dọ̀ dá ọjọ́. Kí ẹni tó san owó mọ ọjọ́ tí àǹfààní rẹ̀ láti yí ọkàn padà máa tán.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí bàbá ààfáà kan ní Àjàṣẹ́ sọ pé, "Dá owó ọmọ ọlọ́mọ padà," kì í ṣe àánú nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Òfin kan tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdáhùn Faransé

Faransé náà ní orúkọ fún owó yìí: arrhes. Ohun ìyanu ni pé arrhes àti urbun jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò ìhà Ìlà Oòrùn ni, ó wọ èdè Gíríìkì àti èdè Látìn láti ibẹ̀. Nínú Bíbélì lédè Hébérù, ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n lò nígbà tí Júdà fi èdìdì àti ọ̀pá rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ Támárì. Ọ̀rọ̀ kan náà gba ọ̀nà méjì, wọ́n sì tún pàdé ara wọn ní Àjàṣẹ́.

Ìwé òfin aráàlú ti Faransé jáde ní 1804. Abala 1590 rẹ̀ sọ pé bí a bá fi arrhes ṣe ìlérí ọjà, ẹnì kọ̀ọ̀kan lómìnira láti yẹ̀ ẹ́: ẹni tó san owó yóò pàdánù rẹ̀, ẹni tó gbà á yóò dá a padà ní ìlọ́po méjì. Ọjà títà ni abala náà dárúkọ, ṣùgbọ́n àwọn amòfin tún ń fi ojú rẹ̀ wo ilé yíyá. Ibi tí àwọn onílé ti gbọ́ pé "owó ti lọ nìyẹn" gan-an nìyí. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì gbọ́. Ìdajì kejì ni pé bí onílé ló bá gbé yàrá fún ẹlòmíràn lẹ́yìn tó ti gba owó, ìlọ́po méjì ni yóò san.

Abala mìíràn tún wà tó bá ẹjọ́ wa mu bí ìbọ̀wọ́ ṣe bá ọwọ́ mu. Abala 1715 ni. Ó ní bí ẹni méjì bá ṣàdéhùn ilé láìkọ ìwé, tí ẹni tó fẹ́ yá a kò sì tíì wọlé, tí ọ̀kan nínú wọn wá sẹ́ pé kò sí àdéhùn, adájọ́ kò ní gba ẹlẹ́rìí. Bí owó ilé náà ti wù kó kéré tó, bí wọ́n tilẹ̀ sọ pé a ti san arrhes, ẹlẹ́rìí kò wúlò. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè ṣe ni pé kí wọ́n ní kí ẹni tó sẹ́ búra.

Ẹ wo bí èyí ṣe jìnnà sí ìṣe wa. Ní ilé baálé, ẹlẹ́rìí ni ẹjọ́. Níwájú adájọ́ Faransé, ìwé ni ẹjọ́, àwọn àgbà márùn-ún tó wà níbẹ̀ nígbà tí owó ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ kò sì ju afẹ́fẹ́ lọ. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ìbúra. Àwọn tiwa náà ń búra, ẹlòmíràn a fi ẹnu kan irin Ògún kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé kò purọ́.

Kì í sì ṣe gbogbo ènìyàn ni ìwé òfin yẹn wà fún. Láti 1903 ni ìjọba Faransé ti to ilé ẹjọ́ ọmọ ìbílẹ̀ sọ́tọ̀ ní àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kí wọ́n máa fi àṣà dájọ́ láàárín àwọn tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Faransé. Ní 1931, wọ́n ko àwọn àṣà wọ̀nyí jọ sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Coutumier du Dahomey. Nítorí náà, yàrá méjì ní àdúgbò kan náà lè wà lábẹ́ òfin méjì: Àgùdà tó ti gba ìwé ọmọ Faransé lè lọ sọ́dọ̀ adájọ́ tó ń béèrè ìwé, aládùúgbò rẹ̀ a lọ síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹlẹ́rìí. Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi dàrú mọ́ wa lójú nìyẹn.

Ìdáhùn Jámánì

Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Àtàkpámẹ̀, Jámánì ló kọ́kọ́ jókòó, títí ogun fi lé wọn kúrò ní Tógò ní 1914. Ìwé òfin aráàlú ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900. Láàárín àwọn Òyìnbó nìkan ni wọ́n ń lò ó ní Tógò, àwọn ọmọ ilẹ̀ ń lọ sídìí àṣà. Síbẹ̀, ó yẹ ká gbọ́ ohun tó sọ, nítorí ó yàtọ̀ sí ti Faransé pátápátá.

Abala 336 sí 338 ló sọ̀rọ̀ náà. Ó ní owó tí a fún ara wa nígbà àdéhùn jẹ́ àmì pé àdéhùn ti wáyé. Bí a kò bá sọ ohun mìíràn, kì í ṣe owó tí ènìyàn fi ń ra ọ̀nà àbájáde. Ẹni tó bá san án kò lè sọ pé òun ti fi sílẹ̀, òun sì ti bọ́. Bí àdéhùn bá bàjẹ́ nítorí ẹ̀bi rẹ̀, ẹni tó gba owó lè mú un, ṣùgbọ́n bó bá tún fẹ́ béèrè àdánù, wọn á ka owó náà mọ́ àdánù náà.

Ẹ kó wọn jọ wò. Faransé ní owó náà jẹ́ ilẹ̀kùn: san án, jáde. Jámánì ní ó jẹ́ èdìdì: ó so ọ́ mọ́lẹ̀. Malik ní kí olóhun má ṣe jẹ ẹ́ lásán. Àwọn baba wa ní kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tó yẹ àdéhùn. Owó kan náà, ìtumọ̀ mẹ́rin.

Lẹ́yìn òmìnira

Dàhòmì gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1960, ó sì di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Òfin Òyìnbó kò bá Òyìnbó lọ. Ìwé òfin 1804 ṣì ń darí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àdéhùn. Ìwé àṣà 1931 ní tirẹ̀ ń pa ipò rẹ̀ dà díẹ̀díẹ̀, títí ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fi sọ ní 1996 pé kò ní agbára òfin.

Ní oṣù kìíní 1994, nǹkan mìíràn kan ẹni tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ onílé. Owó sẹ́fà, tí 50 rẹ̀ jẹ́ owó Faransé kan tẹ́lẹ̀, di 100 lẹ́ẹ̀kan náà. Onílé tó fa ọ̀rọ̀ ìdápadà gùn láti oṣù kejìlá bọ́ sí oṣù kejì dá iye kan náà padà, ṣùgbọ́n ohun tí iye náà lè rà ní ọjà ti yí padà. Ẹni tó rí ọdún yẹn mọ̀ pé owó tó pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í padà bó ṣe lọ.

Fún ṣọ́ọ̀bù àti ibi òwò, òfin OHADA tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ ń lò gbà pé àdéhùn lè jẹ́ ti ìwé tàbí ti ẹnu. Fún ilé gbígbé ní Bẹ̀nẹ̀, òfin 2018-12, tó jáde ní oṣù keje 2018, ní kí àdéhùn wà nínú ìwé, ó sì fi ààlà sí owó tí onílé lè gbà ṣáájú. Òfin yìí ló yẹ kí onílé àti ayálégbé máa tọ́ka sí, kì í ṣe ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu démarcheur.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa

Lójú tiwa, ìjà yìí kì í ti ojúkòkòrò onílé wá nígbà gbogbo, kì í sì í ti àìṣòótọ́ ayálégbé wá nígbà gbogbo. Ó ń wá láti inú pé owó kọjá láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì láìlórúkọ. Ẹni tó san án ń rò pé ìdógò ni. Ẹni tó gbà á ń rò pé ẹrù ìdána ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá pínyà ni wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn kò jọra.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ fún un lórúkọ. Ṣé owó oṣù kìíní ni? Ṣé "caution" ni, tí í ṣe ìdógò fún ohun tó lè bàjẹ́ nínú ilé? Àbí owó tí a fi ń mú yàrá dúró ni? Èyí tó jẹ́ caution kò ní ìdí kankan láti dúró lọ́wọ́ onílé bí ẹnikẹ́ni kò bá wọlé. Ẹni tí kò wọ yàrá kò lè fọ́ fèrèsé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá ọjọ́. Kí ẹ kọ ọ́ pé títí di ọjọ́ báyìí ni onílé máa fi ti yàrá, àti pé bí ayálégbé bá yí ọkàn padà ṣáájú ọjọ́ náà, iye báyìí ni yóò kù lọ́wọ́ onílé. Ẹ kọ ohun tí onílé náà máa san bó bá gbé yàrá fún ẹlòmíràn. Ìwé kékeré kan tó, orúkọ méjì, ìbuwọ́lùwé méjì, àti àgbà kan tàbí méjì tó bá wọn buwọ́ lù ú. Báyìí, àdéhùn á ní ìwé fún adájọ́, á sì ní ẹlẹ́rìí fún baálé.

Bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan, tí ọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́, ọ̀nà tí a rí pé ó dín ìjà kù ni pé kí ẹ ka àdánù gan-an. Ẹ jẹ́ ká sọ pé yàrá náà jẹ́ 20.000 sẹ́fà lóṣù, ọmọkùnrin náà sì san oṣù mẹ́ta, 60.000. Yàrá wà ní títì fún ọjọ́ 21 nítorí rẹ̀. Nínú oṣù ọlọ́jọ́ 30, ọjọ́ 21 jẹ́ 14.000. Kí onílé mú 14.000, kí ó dá 46.000 padà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ló sọ̀rọ̀, 2.000 ni àdánù. Bí ẹlòmíràn bá gba yàrá náà lọ́jọ́ kejì, kí ni onílé pàdánù tó fi máa mú owó méjì lórí yàrá kan? Ọ̀nà yìí kò ṣe àjèjì sí ìkankan nínú òfin tí a ti tọ ipasẹ̀ wọn: onílé kò jẹ owó lásán, ẹni tó yẹ àdéhùn kò sì lọ láìsan nǹkan kan.

A sì fẹ́ bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá yàrá ní Kùtọ́nu àti ní Àjàṣẹ́. Bí ọkàn yín bá ti yí padà, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró de ìparí oṣù. Ẹni tó sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta fún onílé láyè láti wá ẹlòmíràn. Ẹni tó pa fóònù rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ owó rẹ̀ nù. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ bi démarcheur léèrè ṣáájú bóyá owó iṣẹ́ rẹ̀ ń padà tàbí kò ń padà, nítorí owó rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ onílé.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa onílé, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló kọ́ ilé yẹn pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì, yàrá kan tó wà ní títì sì lè jẹ́ owó oògùn oṣù kan. Ẹ̀yin náà lẹ́tọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó san 60.000 yẹn lè ti yá a ni, kó sì nílò rẹ̀ lọ́la láti san níbòmíràn.

Ẹ̀yin àgbà ìlú, bí wọ́n ṣe ń parí irú ẹjọ́ yìí ní ilé baálé tiyín ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àtàkpámẹ̀, ẹ bá wa sọ ọ́ nísàlẹ̀, kí àwọn ọmọ lè kà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.